ẸYẸ TÍ WỌ́N FI ṢE ÈÈNÌ (Lúùkù 12:6)

 

Nínú Mátíù, ológoṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà ní owó idẹ kan. Nínú Lúùkù, márùn-ún ni owó idẹ méjì. Ẹ ṣírò ó wò: ẹ̀karùn-ún, èènì ni! Síbẹ̀ Jésù ní Ọlọ́run kò gbàgbé òun náà.

Nígbà tí a ń múra, àwọn kan ní kí á ra adìẹ inú yìnyín, torí ó pọ́ọ́kú. Òfin ti dè é láti 2003. Fàyàwọ́ ni wọ́n ń fi gbé e gba Kutonú wọlé. Kí ló tilẹ̀ mú un pọ́ọ́kú? Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ilé kan, wọ́n bọ́ wọn sanra kíákíá débi pé ẹsẹ̀ òmíràn kò lè gbé e, wọ́n sì pa wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìjáde síta rí.

Àwọn ìyá wa ní ẹnu ọmọ ni àwọn ń rò. Ọmọ mìíràn kì í rí ẹran jẹ àfi lọ́jọ́ àjọ̀dún. Òtítọ́ ni. Ìpàdé ọjọ́ náà pẹ́ o!

Níkẹyìn, adìẹ ìbílẹ̀ 20 péré ni a rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò. Ẹran orí ìrẹsì yóò kéré, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ mú.