Onílé àti Àwọn Tí Ń Kọjá Lọ: Ìdí Tí Ọkàn Àwọn Ènìyàn Fi Ń Fà sí Bésíbọ́ọ̀lù Fásitì

Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, pé bí gbogbo ẹ̀yà ohun kan bá ti pààrọ̀ tán, ṣé ohun náà ṣì ni a ń wò ni, àbí òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì, fi ọkọ̀ ojú omi Theseus ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: àwọn ará Athens a máa yọ pákó tí ó bá ti jẹrà kúrò lára ọkọ̀ náà, wọn a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, títí àwọn amòye fi pín sí méjì lórí bóyá ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ṣì wà níbẹ̀. Fún àwọn olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù fásitì ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ẹlòmíràn nínú wọn ń tẹ̀lé láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó kì í sábà ní eléré kan náà ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ti kú. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọba kì í kú, pé ṣe ni ó ń wàjà, kò ní rí èyí bí ohun àjèjì pátápátá, nítorí oyè ni ó wà títí, ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó ń kọjá. Ṣùgbọ́n ọba a máa pẹ́ lórí ìtẹ́ débi pé orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, nígbà tí ọmọkùnrin tí ó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní fásitì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé eré náà díẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn díje: ẹnìkan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí ó wà lórí pápá a ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kejì a sì gbìyànjú láti fi igi lù ú. Ẹni tí ó bá lù ú dáadáa a sáré yí ibùdó mẹ́ta ká, a sì padà síbi tí ó ti gbéra, ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ilé. Àbọ̀ sílé yìí ni ó ń di àmì ayò. Abala mẹ́sàn-án ni eré náà ní, ẹgbẹ́ tí ó mú igi kò sì ní gbé e sílẹ̀ nínú abala kan títí di ìgbà tí mẹ́ta nínú wọn bá ti kùnà. Kò sí aago tí ó ń sọ pé eré ti parí, bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán ṣì lè gbéra sọ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ku ẹnìkan ṣoṣo tí kò tíì kùnà.

Ti fásitì, tí àjọ NCAA ń darí, ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù kejì ọdún, nígbà tí òtútù kò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbá tó eré 56 kí wọ́n tó yan 64 nínú wọn fún ìdíje ìparí, mẹ́jọ péré ni yóò sì dé ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska nínú oṣù kẹfà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àṣekágbá láti ọdún 1950. Òfin kan sì wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ọ̀dọ́ tí ó bá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lè lọ tààrà sí ẹgbẹ́ tí ń sanwó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ fásitì ọlọ́dún mẹ́rin, àwọn ẹgbẹ́ náà kò lè mú un títí yóò fi parí ọdún kẹta tàbí títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó bá mọ eré náà gbá jù lọ ni ó ń tètè lọ jù lọ. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń lé e kúrò láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Bí a bá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fúnra wọn ni ohun tí ọkàn ń fà sí, ẹ̀rí wà tí ó jọ pé ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, nínú eré àṣekágbá láàárín fásitì ìpínlẹ̀ Louisiana, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LSU, àti fásitì Miami, Miami ní mẹ́jọ, LSU ní méje, ó sì ku ẹnìkan ṣoṣo kí LSU pàdánù. Warren Morris ni ó mú igi. Egungun kan ti ṣẹ́ ní ọwọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì tíì lu bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i ni ó lù, ó sì fò kọjá odi lápá ọ̀tún. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti dúró ní ibùdó kẹta wọlé, òun náà tẹ̀lé e, ó di mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ, eré sì parí síbẹ̀. Morris gbá eré fún Pittsburgh Pirates, ẹgbẹ́ tí ń sanwó, lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Pittsburgh ni wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀ ní Baton Rouge, ìlú tí LSU wà. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ nípa rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn náà ni wọ́n fẹ́ràn, ìfẹ́ wọn ìbá bá a lọ sí ibi tí ó lọ.

Ìṣẹ́gun kò sì lè jẹ́ ìdáhùn, nítorí eré tí ó kún fún ìkùnà ni bésíbọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá lu bọ́ọ̀lù yege nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Ní ọdún 2018, Arkansas ti borí Oregon State nínú eré àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí wọ́n fi ń yan olúborí, wọ́n sì tún ń fi mẹ́ta sí méjì ṣáájú nínú èkejì, ó ku ẹnìkan péré, nígbà tí bọ́ọ̀lù kan gbéra lọ sókè tí ó sì ń já bọ̀ ní ìta ìlà pápá, nítòsí ibùdó àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mú un kí ó tó balẹ̀, Arkansas ti gba ife-ẹ̀yẹ nìyẹn. Àwọn mẹ́ta ni ó sáré dé abẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó mú un. Ó balẹ̀ láàárín wọn. Oregon State mú eré dọ́gba, wọ́n tún fi méjì lé e, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì na Arkansas ní márùn-ún sí òdo. Títí di ọdún 2025 Arkansas kò tíì gba ife náà rí, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì tíì fi pápá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Florida State rí. Mike Martin ṣe olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1980 títí di 2019, ó borí nínú eré 2,029, ó mú wọn dé Omaha nígbà 17, kò sì gbé ife náà padà wálé lẹ́ẹ̀kan.

Émile Durkheim, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1912 lórí orísun ẹ̀sìn, ó sì sọ níbẹ̀ pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá péjọ sí ojú kan, ìgbóná kan ń bẹ láàárín wọn tí ó ju agbára ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lọ, àti pé agbára àwùjọ fúnra rẹ̀ yìí ni wọ́n ń bọ láìmọ̀. Ẹni tí ó bá ronú sí ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2014, nígbà tí ènìyàn 15,586 kún pápá Dudy Noble ní Starkville, ìlú tí fásitì Mississippi State wà, láti wo ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti Ole Miss tí wọ́n jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, kò ní bá Durkheim jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni Durkheim yóò sọ nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù kejì, nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá kan ń gba fásitì kékeré kan lálejò, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ìjókòó púpọ̀ sì ṣófo? Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ òtútù bo orókùn, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Kò sí ìgbóná àwùjọ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ nínú ọkàn àwọn wọ̀nyí ni ìfẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù lọ.

Ohun tí ó jọ ẹ̀sìn pọ̀ lára rẹ̀ lóòótọ́: àkókò tí ó ń yípo lọ́dọọdún, ìrìn-àjò sí ìlú kan ṣoṣo, aṣọ aláwọ̀ kan náà. Ní ọdún 2016, ẹranko kékeré kan tí ó jọ òkété já wọ orí pápá LSU nígbà tí wọ́n ń bá Arkansas gbá, LSU tí ó wà lẹ́yìn sì padà borí, ni àwọn ènìyàn bá sọ ẹranko náà di àmì oríire fún ìyókù sáà náà. (Wọ́n ti mú un kúrò lórí pápá kí ó tó mọ̀ pé òun ti di òòṣà.) Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu gbogbo wọn bí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n mọ̀ pé eré ni, ẹlẹ́sìn kì í fi ohun tí ó ń bọ ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Pípe ìfẹ́ yìí ní ẹ̀sìn kò ṣe ìdájọ́ òdodo fún ẹ̀sìn, kò sì ṣe é fún eré náà.

Josiah Royce, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí ó kọ́ni ní Harvard, ni ó súnmọ́ ìdáhùn jù. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1908 lórí ìdúróṣinṣin, ó ní ìdúróṣinṣin ni kí ènìyàn fi tìfẹ́tìfẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ohun kan tí ó ju òun lọ, kí ó sì máa fi í hàn nínú ìṣe rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó tún rí i pé ohun tí ó dà bí ẹni pé ó ti sọnù, tí ọwọ́ kò tẹ̀, a máa di ìdúróṣinṣin mú ju ohun tí ó ti yọrí sí rere lọ, nítorí ohun tí kò tíì ṣẹ kò ní òpin tí ọkàn lè fi sinmi. Èyí ṣàlàyé Florida State àti Arkansas yékéyéké. Ibi tí àlàyé Royce kò dé ni pé òun ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó dúró fún, bí ọmọ ogun tàbí ọ̀mọ̀wé, nígbà tí ẹni tí ó jókòó ní ìta odi pápá kò ju bọ́ọ̀lù, kò mú igi. Iṣẹ́ wo gan-an ni ó ń ṣe?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́yìn odi apá òsì pápá Starkville. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 ni àwọn ènìyàn ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wọn wá síbẹ̀, wọn a fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjú sí pápá, wọn a to àga sí i, wọn a dá iná, wọn a sì máa sun ẹran bí eré ti ń lọ lọ́wọ́. Àyè kan a máa wà lọ́wọ́ ìdílé kan tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan fún ọdún pípẹ́, débi pé nígbà tí wọ́n tún pápá náà kọ́, ìjókòó tí ó dúró pẹ́ ni wọ́n ṣe sí ojú ibẹ̀ fún wọn. Èéfín ẹran a máa gba orí ẹni tí ó dúró ní apá òsì pápá kọjá. Ọmọkùnrin ọmọ ogún ọdún yẹn yóò lọ láìpẹ́. Àwọn tí ó ń sun ẹran lẹ́yìn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìṣesí onílé sí àlejò nìyí, kì í ṣe ti òǹwòran sí eléré. Onílé kì í béèrè pé kí àlejò dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ìlọ rẹ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ilé má ṣófo nígbà tí ẹni tí ó kàn bá dé. Nígbà tí Mississippi State borí Vanderbilt ní ọdún 2021, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí fásitì náà yóò gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè nínú eré ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ èyíkéyìí, àwọn eléré tí ó gbé ife náà kò tíì lo ọdún púpọ̀ ní Starkville. Àwọn onílé ni ó ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé owó yóò ba èyí jẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, ó sì ti rọrùn fún un ju ti àtijọ́ lọ láti fi fásitì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ìbẹ̀rù náà kò ṣàì ní ìdí, nítorí àlejò tí ó ń wo ilé mìíràn bí ó ti ń jẹun kò rọrùn láti gbà. Síbẹ̀, Paul Skenes lo ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun òfuurufú kí ó tó wá sí LSU, sáà kan ṣoṣo ni ó sì lò níbẹ̀. Ó fi bọ́ọ̀lù tí ó jù dá 209 nínú àwọn tí ó mú igi dúró láìlù ú, LSU gba ife ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní oṣù keje òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ tí ń sanwó mú lọ́dún náà. Kò sí ẹni tí ó kà á sí àjèjì ní Baton Rouge. Ó dà bí ẹni pé kì í ṣe gígùn ọjọ́ ni onílé ń wọ̀n.

Bart Giamatti, tí ó ti jẹ́ ààrẹ fásitì Yale kí ó tó di olórí bésíbọ́ọ̀lù ní ọdún 1989, ronú púpọ̀ lórí ohun tí ó mú kí eré yìí pe ibi ìgbéra rẹ̀ ní ilé, àti lórí bí gbogbo làálàá ẹni tí ó mú igi ti jẹ́ láti kúrò níbẹ̀ kí ó lè padà síbẹ̀. Ní Omaha, ilé náà gan-an ti ṣí kúrò. Pápá Rosenblatt tí wọ́n ti ń ṣe àṣekágbá láti ọdún 1950 gba ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn ní ọdún 2010, wọ́n gbé eré lọ sí pápá tuntun ní àárín ìlú, wọ́n sì wó èyí àtijọ́ lulẹ̀. Ọgbà ẹranko tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì ṣe pápá kékeré kan síbẹ̀, ìwọ̀n ti àwọn ọmọdé, tí ilé rẹ̀ wà ní ojú ibi tí ilé Rosenblatt wà. Ibẹ̀ ni Warren Morris ti mú igi, tí ó sì sáré padà sí lọ́dún 1996.