Iṣẹ́ Ẹrú Lọ́wọ́ Ọlọ́jà

Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kò ní kí ìránṣẹ́ kọ iṣẹ́. Ó ní kó lo làákàyè tirẹ̀ kó tó lanu. Àwa ọlọ́jà Ìfànyìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ń bá wí, pàápàá ní Ìgólò tí ọjà ti ń wọlé láti Ìdìròkò ní Nàìjíríà. Ìpara dé, ìwé ìpolówó bá a dé: ó ń wo egbò, ó ń wo làpálàpá, ó ń mú ara dán. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìsọ̀. Oníbàárà gbà á gbọ́, nítorí àwa ló mọ̀, kò mọ ẹni tó tẹ̀wé.

“Bí wọ́n ṣe kó o fún mi nìyẹn” kì í ṣe àwíjàre. Òfin ààbò oníbàárà Nàìjíríà ti 2018 dárúkọ ẹni tó ṣe ọjà, ẹni tó kó o wọlé, alágbàtà àti ẹni tó ń tà á ní ìsọ̀: kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn polówó. Bẹ̀nẹ̀ náà ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2007.

Ọjà tí a kò mọ inú rẹ̀ lè pani. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé, My Pikin, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Májèlé diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ l'Ékòó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣe oògùn náà lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje.

Lójú tèmi, ẹni tó kọ irọ́ ló yẹ kó ru èyí tó wúwo jù. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti fi ojú tó bó hàn ọ́, tí o ṣì ń nàka sí ìwé yẹn fún ẹlòmíràn, irọ́ náà ti di tìrẹ.