Bí Kò Bá Mú Ọpọlọ Jí Ńkọ́?

Ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ náà máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, pé ó ń da èdè pọ̀. Ṣé a ò lè dá Yorùbá dúró nílé ná, kí Gẹ̀ẹ́sì ráyè wọlé? Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo dúpẹ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ìyá mi pè lórí fóònù, ó ní kí n gbé e fún Àbẹ̀kẹ́ òun. Ó kí i títí, ó ki oríkì rẹ̀ fún un. Ọmọ kàn ń wojú mi. Ìyá mi ní, "Ṣé mo ṣẹ ọmọ yìí ni?"

Ẹ̀rù olùkọ́ yẹn kì í ṣe tuntun. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ pàápàá ń kọ ọ́ sínú ìwé pé èdè méjì ń da ọpọlọ ọmọ rú. Àṣé ọmọ tálákà ni wọ́n sábà máa ń fi wé ọmọ olówó! Nígbà tí Peal àti Lambert tẹ ìwádìí tiwọn jáde ní 1962, tí wọ́n fi àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ní Montreal wé ẹgbẹ́ wọn tí ipò òbí wọn jọra, àwọn tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe dáadáa jù. Nílé wa níbí, lọ́dún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ dáhùn yẹn ńkọ́? Ẹ wo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ọmọ. Bí àlejò bá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì á bi í pé: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Yorùbá ò bìkítà fún ìyẹn. "Ó" ni fún gbogbo ẹ̀dá, títí dórí ewúrẹ́. Ohun tí Yorùbá fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò, "ẹ" ni mo máa pè é àbí "o"? Ọmọ tó gbọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ojú méjì wo ènìyàn kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ nìkan, ó lè kéré. Ẹ ka méjèèjì pọ̀ ná.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fáwọn òbí bíi tèmi: ẹ sọ Yorùbá, ó ń mú ọpọlọ jí. Ellen Bialystok ní Toronto ni mo máa ń dárúkọ, torí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ elédè méjì máa ń lè pa ọkàn pọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí mo ka ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tó lé ní 4,500 ní Amẹ́ríkà, ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Wọn ò rí àǹfààní yẹn. Ká sòótọ́, ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀. Ọjà tí mo ń polówó ni wọ́n ní kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí n polówó rẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń ní kí Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣe ọpọlọ lóore. Oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ìdánwò àti iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ti tó. Yorùbá nìkan ni à ń ní kó sanwó kó tó wọlé. Àwọn kan á ní mi ò bi ọmọ náà kí n tó yàn fún un. Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́ta tí mo fi pa Yorùbá mọ́ ọn lẹ́nu ńkọ́, ta ni mo bi?

Ó ti pé ọdún méje báyìí. Bí ìyá mi bá pè, ó á ní "Àbẹ̀kẹ́!", ilé á dákẹ́ fẹ́ẹ́. Ọmọ á máa wá ọ̀rọ̀. Ìyá mi kì í kán an lójú. Á kàn dúró sórí fóònù níbẹ̀, títí ọmọ náà á fi rí i.