Ìṣẹ́ Kò Tíì Bùṣe

Lábẹ́ igi odán tó wà ní ojúde baálẹ̀ abúlé bàbá mi, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń parí ìjà ààlà oko kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé, ni mo jókòó sí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìdìbò tó kọjá, nígbà tí aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan dìde nínú agbádá funfun báláú, tó nawọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kó ìrẹsì sí, tó sì fi ohùn tó dùn bí ohùn fèrè wí pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi wo ọwọ́ ara mi, n kò sì lè pa á pọ̀.

Ìrẹsì náà kò sí nínú àpò. Wọ́n ti bù ú sínú ọ̀rá, kóńgò kan sí ọ̀rá kan, wọ́n sì ti tẹ àwòrán ẹni tó ń dupò sí ara rẹ̀, pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn ìyá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí pé ọmọlúàbí kì í fi ọwọ́ kan gba ẹ̀bùn.

Àwòrán inú òwe náà kò ṣòro láti rí. Ìṣẹ́ dà bí ẹrù igi tí a dì jọ, ebi sì ni ìtì tó wúwo jù nínú rẹ̀. Bí a bá fa ìtì yẹn yọ, èyí tó kù, ọmọdé lè rù ú. Aṣọ lè ya, òrùlé lè jò, ẹni tó bá ti jẹun yó a rí agbára wá abẹ́rẹ́ àti òwú, a sì rí agbára gun àjà. Òwe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà ló ń dùn mí.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ẹgbẹ́ wọn ti fìdí rẹmi ní àwọn abúlé agbègbè wa lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ sì ti jókòó ní ìlú ńlá, wọ́n ti rò ó síwá, wọ́n ti rò ó sẹ́yìn, ọ̀nà tí ọkàn ará oko yóò gbà padà sọ́dọ̀ wọn, ibi tí ọ̀rọ̀ sì já sí ni ìrẹsì. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ará oko kò mọ ètò, kò mọ ìlànà. Ikùn ló mọ̀."

N kò sọ pé ebi kò sí. Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè ní ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ tẹ̀lé e, tí gaàrí pàápàá sì di ohun tí à ń bẹ̀ kí á tó rà, mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ẹ̀kan jẹun lójúmọ́. Bí opó kan bá gba kóńgò ìrẹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìbò, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é ní aláìnítìjú lójú mi, n kò ní dákẹ́. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Mo mọ èyí, mo sì gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ òwe náà bí àwọn tó pa á ti pa á. *Kúrò* ni wọ́n wí. Wọn kò wí pé bí ebi bá sinmi díẹ̀, wọn kò sì wí pé bí a bá tan ebi títí di alẹ́. Ebi tó kúrò ni ebi tó ti kó ẹrù rẹ̀ tán, tí kò mọ ọ̀nà ilé náà mọ́. Kóńgò ìrẹsì kan nínú ilé ènìyàn mẹ́fà kò lè ju oúnjẹ ọjọ́ méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin tí ìbò kan ń rà jẹ́ ọjọ́ 1,461. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì gba gbogbo ìyókù kò mú ebi kúrò. Ó ra ìgbà tí ebi yóò fi wà ni.

Àṣìṣe yìí tún kéré sí èkejì. Ta ni wọ́n ń pa òwe náà fún? Àgbẹ̀ ni, aroko-bọ́-ọba, ẹni tí gbogbo ìlú gbójú lé kí ìkòkò tó gbóná. Iṣu wà lábà rẹ̀, ègé wà nílẹ̀, ẹ̀fọ́ wà lẹ́yìnkùlé. Láàárín abúlé wa àti ọjà ni odò kan wà tí afárá rẹ̀ ti wó láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, pákó méjì ni wọ́n fi dí i, ọlọ́kadà tó bá sì di àpò ègé mẹ́ta sẹ́yìn gbọ́dọ̀ sọ méjì kalẹ̀ kó tó lè gba orí pákó náà kọjá. Kí òjò tó dá, ègé ti rà. Ọlọ́jà tó ń ti ìlú bọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, iye tó bá sì wù ú ló ń dá lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ìrẹsì wá kò gba ibẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn, tó fi wákàtí kan àti ààbọ̀ jìn jù ú lọ, ló gbà wọlé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ rí ohun tí ìṣẹ́ wa jẹ́ pẹ̀lú ojú ara wọn, wọ́n sì yà á sílẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún ẹni tó ń gbin oúnjẹ.

Bí àwọn àgbààgbà tó jókòó ní ìlú ńlá bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń padà sí ọkàn ará oko, ìtàn rẹ̀ kò jìnnà. Ní Ọ̀wọ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1951, ni wọ́n ti kó ẹgbẹ́ Action Group jáde fáyé rí, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣáájú. Láìpẹ́ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1952, Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́, gbé ètò kalẹ̀ pé gbogbo ọmọ yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ni yóò ṣe é, wọ́n sì bu owó orí àkànṣe lé àwọn ènìyàn lórí. Àgbẹ̀ fárígá. Ọmọ tó ń bá a ro oko ni wọ́n fẹ́ gbà, owó inú àpò rẹ̀ ni wọ́n tún ń gbà lé e. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC, àwọn alákùkọ tó ń bá wọn díje, na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nínú ilé Ọlọ́pẹ gan-an.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó pàdánù báyìí lè kó iyọ̀ àti okùn pańla lọ sí abúlé, ó sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọn kò yí i padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ṣí, àwọn ọmọ tí iye wọn tó nǹkan bí 457,000 ní ọdún tó ṣáájú sì lé ní 811,000. Bàbá tó bú Awólọ́wọ̀ nítorí owó orí rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì délé, tó jókòó sẹ́bàá àtùpà, tó ń ka ìwé tí wọ́n ti ń sanwó fún akọ̀wé láti bá wọn kà tẹ́lẹ̀. Ní ìdìbò agbègbè ti ọdún 1956, ìjókòó 48 nínú 80 ni Ọlọ́pẹ gbà. N kò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló ṣe é, Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé kò sì tẹ̀ lé wọn, nítorí Adégòkè Adélabù ti ẹgbẹ́ NCNC ló ń dún níbẹ̀ bí ààrá. Síbẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ará oko dárí ji ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó rí ibi tí owó náà lọ. Ta ló wá sọ pé ikùn nìkan ló mọ̀?

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kan náà sì dìde pẹ̀lú ìbọn àti àdá ní ọdún 1968 àti 1969, nítorí owó orí tó wúwo àti owó kòkó tó fúyẹ́ àti àwọn agbowó-orí tó ń já wọlé onílé, orúkọ wo ni wọ́n fún ara wọn? Àgbẹ́kọ̀yà ni. Ìyà ni wọ́n kọ̀. Wọn kò pe ara wọn ní ẹni tó kọ ebi, nítorí pé ẹni tí ìyà ń jẹ mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ ju ẹni tó ń wò ó lọ. Òkè owó mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san ní owó orí, wọn kò sì san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba rán ọlọ́pàá, ó rán ṣọ́jà, ìjà kò tán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, Awólọ́wọ̀, tó ti di kọmíṣánnà ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè nígbà náà, fúnra rẹ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, àti àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibi tí obì wà.

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ yóò ní ayé ti yí padà, wọn yóò sì nawọ́ sí Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, níbi tí Ayọ̀délé Fáyóṣe ti borí Káyọ̀dé Fáyẹmí, gómìnà ìgbà náà, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 nínú ìdìbò gómìnà ọdún 2014, tí gbogbo ayé sì sọ pé ìrẹsì ló ṣe é. Ìwọ̀sí ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún ọmọ Èkìtì. Fáyẹmí ti ń fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ pé ohun tó bọ́ sọ́wọ́ nìkan ló ń mú ìbò wá, ìbò wọn ì bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe ìdánwò bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìbínú nínú, ìbínú náà kì í ṣe ti ebi. Àwọn òṣèlú kò gbọ́ ìyẹn. Ìrẹsì nìkan ni wọ́n gbọ́, nígbà tó sì di ọdún 2018 ni "dìbò kí o sebẹ̀" gba ẹnu tonílé tàlejò. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 93 tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Àwọn tó jókòó sílé wọ̀nyẹn ni kí ẹgbẹ́ máa wá, púpọ̀ nínú wọn ni mo sì mọ̀ ní abúlé: díákónì tí kò lè fi ẹnu tó fi ń gbàdúrà pe orúkọ olè, àlùfáà tó ní gbígba owó ìbò kò yàtọ̀ sí gbígba rìbá, àgbà tó kàn ń béèrè pé, "Ọmọ ta ni? Kí ló ti ṣe rí?" tí kò rí ẹni dá a lóhùn, nítorí pé ìlú ńlá ni wọ́n ti yan ẹni náà, tí wọ́n sì gbé e wá fún wa bí wọ́n ti gbé ìrẹsì wá.

Kí àwọn ẹgbẹ́ jẹ́ kí abúlé fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò dupò. Kí wọ́n wá ní ọdún tí ìbò kò sí, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwa ń jókòó sí, kí wọ́n gbọ́ ìbúni kí wọ́n má bínú. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yóò bá ni wá lára, kí wọ́n sọ ọ́, bí Ọlọ́pẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n sì ṣe é.

Ní ti òwe náà, n kò lè gbà fún un mọ́. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ṣì í lò nìkan ni mo ń bá jà, pé bí ẹni tó wà nínú ìṣẹ́ bá fi tu ara rẹ̀ nínú, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó, mo rí i pé òwe náà fúnra rẹ̀ ka ìtì igi náà kù. Ẹ̀gàn wà nínú ìṣẹ́, ìyà wà nínú rẹ̀, kí á sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ wà nínú rẹ̀, ebi lè kúrò lónìí kí àwọn wọ̀nyí jókòó tepọn.

Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn tó gba ọ̀rá lọ́jọ́ náà, aya àbúrò bàbá mi ni, ọkọ rẹ̀ ló sì ń pè mí láti kékeré. Ó gbé ìrẹsì náà sórí pẹpẹ láìtú u, ó wọ abà lọ, ó sì gbé iṣu gbọọrọ mẹ́rin jáde, ó ru ú lọ bá awakọ̀ tó ń yí ọkọ̀ akẹ́rù padà. "Ọkọ mi," ló wí fún mi, nígbà tí mo fẹ́ gbà á lórí rẹ̀, "wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. A kì í jẹ́ kí àlejò lọ ní ọwọ́ òfo." Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un, ó sì to iṣu náà sẹ́yìn ọkọ̀, ní ibi tí ìrẹsì ti tán.