Ojúṣe Àgbàlagbà sí Ara Rẹ̀: Ọ̀ràn Àwọn Òmòòkùn

Ẹrù wúwo lọ́rùn ẹni tó ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn sínú òkun. Sílíńdà kan tó kún lè tó kílógíráàmù 17. Tí a bá ka òjé tí òmòòkùn fi ń rì àti ìyókù irin-iṣẹ́ mọ́ ọn, ẹrù náà á kọjá 20. Nínú omi, ó fúyẹ́, nítorí omi ló ń gbé e. Ìgbà tí òmòòkùn bá ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ padà ni ìwúwo náà máa ń bọ́ sórí èjìká, orúnkún àti ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan ènìyàn máa ń joro díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 30 lọ, pàápàá lẹ́yìn ọdún 60.

Ṣé kí àgbàlagbà máa bá ogbó jà ni, àbí kó túúbá fún un?

Cicero, onímọ̀ ará Róòmù, dáhùn nínú ìwé tó kọ lórí ọjọ́ ogbó ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Ó bá Milo wí, ìlúmọ̀ọ́ká oníjàkadì ará Croton, tó sunkún nígbà tó rí i pé apá òun ti joro, nítorí pé apá nìkan ló gbójú lé. Síbẹ̀, ìwé yìí kan náà ní kí àgbà gbógun ti ogbó bí ẹni gbógun ti àrùn: kó máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba, kó má sì jẹun jù.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò takora. Agbára tí ìtọ́jú lè dá dúró, ojúṣe ni láti tọ́jú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1990 fi hàn pé àwọn arúgbó ẹni nǹkan bí ọdún 90 tún lágbára sí i nígbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní 2017, Ray Woolley, ẹni ọdún 94, mòòkùn lọ bá Zenobia, ọkọ̀ tó rì sítòsí Kípírù ní 1980.

Àmọ́ ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Méjì-méjì ni wọ́n sábà ń mòòkùn, nítorí náà ẹni tó bá purọ́ fún ara rẹ̀ nípa agbára rẹ̀ ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. Kí àgbà jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Kó bọ́ ẹrù rẹ̀ nínú omi, kó nà án sí ọ̀dọ́ tó wà nínú ọkọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá sì kọ̀ pátápátá, kó fi òkun sílẹ̀ láìsunkún.