Ta Ni Ó Ni Ètò Ọ̀la?

Ní Ayigya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì Kwame Nkrumah ní Kumasi, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń háyà yàrá, tí wọ́n sì ń ṣètò iṣẹ́ tí wọn yóò wá lẹ́yìn ọdún kan tí òfin ní kí wọ́n fi sin orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ṣe ètò ni ètò náà wà?

Àwọn oníṣòwò Yorùbá Kumasi ṣe tiwọn: ọmọ á kọ́ òwò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, á kiri, á wá ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Àwọn kan á ní àyànmọ́ ni. N kò gbà. Ènìyàn ni ó fọwọ́ sí i; bí a bá pè é ní àyànmọ́, a ti dá a láre. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì mọ òwò, ó ṣì gbọ́ Twi. Èyí kò sọ àṣẹ náà di ohun tí ó tọ́. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ olùkọ́ ní Ayigya, ohun tí ń kù lọ́wọ́ ènìyàn ni n óò kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè ìwé ẹ̀rí.