Àṣírí Aláìsàn Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Olè

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ímeèlì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Fínláǹdì. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ẹni tí òun ń kọ̀wé sí ti gba ìtọ́jú ní Vastaamo, fáìlì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun. Kí onítọ̀hún yára san 200 yúrò ní owó bitcoin láàárín wákàtí 24. Bí wákàtí yẹn bá kọjá, owó ti di 500 yúrò nìyẹn, wákàtí 48 ló sì kù tí yóò fi san án. Bí kò bá san án, orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àti gbogbo ohun tó bá olùtọ́jú rẹ̀ sọ nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀, yóò di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Vastaamo kì í ṣe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fúnni lábẹ́rẹ́ o. Ibẹ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú máa ń lọ, kó lè jókòó ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, kó sì tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ aládàáni náà sílẹ̀. Ó gbèrú débi pé ẹ̀ka rẹ̀ tó bíi 25 káàkiri Fínláǹdì, ìjọba pàápàá sì ń gbé aláìsàn fún wọn tọ́jú. Bí aláìsàn bá ti jáde, olùtọ́jú rẹ̀ á tẹ ohun tí wọ́n jọ sọ sínú kọ̀ǹpútà, kó má baà gbàgbé nígbà tó bá tún padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó máa ń wà nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń yan àlè wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò ní kékeré wà níbẹ̀, ẹni tó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé wà lára wọn. Nǹkan bí 33,000 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ wọn lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì sọ létí ìyàwó, ọkọ, tàbí ìyá tó bí wọn.

Báwo ni olè ṣe wọlé? Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn náà á rò pé ọ̀daràn ọlọ́gbọ́n àrékérekè kan ló fọ́ ilẹ̀kùn irin. Rárá. Sáfà tí ilé iṣẹ́ náà kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sí wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ohun tó dáàbò bò ó, àkáǹtì ọ̀gá pátápátá lórí rẹ̀, èyí tó láṣẹ láti wo ohun gbogbo kó sì pa á rẹ́, kò sì ní pásíwọ́ọ̀dù kankan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 títí di oṣù kẹta ọdún 2019 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa kúkú ti ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ẹnì kan wọlé, ó da gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ló kàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n tún wọ sáfà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn pa rẹ́, ẹni tó wọlé sì fi ìwé sílẹ̀ pé kí wọ́n wá fowó rà á padà. Vastaamo ní ẹ̀dà mìíràn nípamọ́, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Wọn kò sọ fún aláìsàn kankan. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ààbò dátà ní Fínláǹdì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n rí ni pé ó yẹ kí ilé iṣẹ́ náà ti fi tó àwọn aláṣẹ àti àwọn aláìsàn létí ní oṣù kẹta yẹn gan-an. Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi wà lábẹ́ ẹní. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ènìyàn ṣì ń wọlé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé láàárín àwọn méjì péré ló mọ.

Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, olè náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Bitcoin 40 ló ní kí wọ́n san, owó tó tó nǹkan bí 450,000 yúrò nígbà náà. Wọ́n ké sí ọlọ́pàá, wọn kò sì san án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáìlì ọgọ́rùn-ún aláìsàn jáde lójoojúmọ́ sí igun íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tí kò fẹ́ kí a dá wọn mọ̀ ń lò. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀: ó gbé fáìlì ràgàjì kan síta, gígábáìtì 10.9, tí ọ̀rọ̀ gbogbo aláìsàn náà wà nínú rẹ̀, tí àwọn nǹkan inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gan-an sì há sáàárín rẹ̀. Ó yára yọ ọ́ kúrò, àmọ́ àwọn kan ti gbé e. Àṣìṣe yìí wà lára ohun tí ọlọ́pàá fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ló yíjú sí àwọn aláìsàn fúnra wọn.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ẹ̀sùn ìlọ́nilọ́wọ́gbà tí kò yọrí sí owó lé ní 20,000; èyí tí wọ́n sanwó fún jẹ́ 20 péré. Owó tí olè náà rí kò tó nǹkan kan. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Gbogbo ọmọ Fínláǹdì ló ní ọ̀kan láti kékeré, àmì 11 ló ní, ọjọ́ ìbí onítọ̀hún ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń mọ aláìsàn nílé ìwòsàn, òun náà ni báńkì, òṣìṣẹ́ owó orí àti ẹni tó ń yáni lówó ń béèrè. Òfin kì í sì í jẹ́ kéèyàn pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nítorí náà, kì í ṣe àṣírí nìkan ni olè yìí kó lọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Àwọn tí olè kó dátà wọn lọ ní láti sáré kiri ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbèsè, kí wọ́n lè fi àmì sórí orúkọ ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ náà yáwó. Wọ́n tún ní láti fi owó ara wọn ṣe é.

Fínláǹdì kò kúkú sùn lórí ọ̀rọ̀ ààbò àkọsílẹ̀ aláìsàn. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń lo Kanta, ètò ìlera orí kọ̀ǹpútà ti orílẹ̀-èdè wọn, tí ìwé oògùn àti àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ Kanta, àyẹ̀wò gidi ló máa là kọjá lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ara ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí Vastaamo ń lò kò sí lára èyí tó so mọ́ ọn, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sì kàn án. Wọ́n gbé ìṣọ́ síbi tí gbogbo ayé ń wò, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Lójú tèmi, àléébù yẹn ju ti olè lọ.

Ilé iṣẹ́ náà lé ọ̀gá àgbà rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 yẹn, ó sì wọko gbèsè ní oṣù kejì ọdún 2021. Nígbà tí wọ́n fi máa bu owó ìtanràn 608,000 yúrò lé e lórí ní oṣù kejìlá ọdún náà, kò sí ilé iṣẹ́ mọ́. Ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé mú Aleksanteri Kivimäki, ẹni tí wọ́n fura sí pé òun ni olè náà, ní oṣù kejì ọdún 2023. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Fínláǹdì dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kó lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta jura. Ó ní òun kọ́, ó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Fáìlì tó jáde, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè kó o padà.

Mo kọ èyí fún wa nítorí pé ọ̀nà yìí làwa náà ní Nàìjíríà ń tọ̀. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiwa náà, díjíìtì 11 ni. Ó ti so mọ́ síìmù wa, ó ti so mọ́ àkáǹtì wa, ìjọba àpapọ̀ sì ti ń ṣètò láti so àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tó ti Ìbàdàn lọ sí Èkó kò yẹ kó máa gbé fáìlì sábíyá, dókítà tó bá a lójú oorun sì yẹ kó mọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Òfin náà kò ṣàìsí: òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì fún ẹni tí dátà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí bí ewu bá wà níbẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yín láti Àbújá nìkan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HIV, ẹ lọ bá ẹni tó bá wọn ṣe ètò kọ̀ǹpútà wọn. Bí pásíwọ́ọ̀dù bá wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe so ibẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ẹ̀yin aláìsàn, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú NIN wá, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti ẹni tó máa rí i. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin onílé ìwòsàn, bí olè bá wọlé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún aláìsàn. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́nu yín, kó tó gbọ́ lẹ́nu olè.